Tí Òyìnbó Bá Ní Kẹ́ Ẹ Kọ́ Òun ní Yorùbá, Àṣà Wo Lẹ Máa Kọ́ Ọ?

Ohun tá a sọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ yìí la kọ sílẹ̀ síbí, fún ẹ̀yin tí dátà yín ò tó láti fi gbọ́ ọ, tàbí tẹ́ ẹ kàn fẹ́ràn láti máa kàwé.

Ọ̀rọ̀ òní kan ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìlú yìí. Tẹ́ ẹ bá ní fóònù tó dáa àti íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já, ẹ lè jókòó sí Agbowó kẹ́ ẹ máa kọ́ èèyàn ní Yorùbá lórí Zoom, kí wọ́n sì sanwó fún yín. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London àti Houston ń wá olùkọ́. Àwọn ará Brazil náà ń wá. Ètò Fulbright FLTA ti mú àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà lọ sí yunifásítì Amẹ́ríkà láti lọ kọ́ni ní Yorùbá, Haúsá àti Ígbò. Nílé níbí, Yunifásítì Ìbàdàn ti gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ètò Flagship láti Amẹ́ríkà, tí wọ́n wá gbé láàárín wa kí Yorùbá wọn lè yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

Iṣẹ́ wà. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í bi ara wọn: àṣà wo gan-an la fẹ́ kọ́ wọn? Ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé wọ́n á kọ́ gírámà títí, tó bá wá kù díẹ̀ kí ẹ̀kọ́ parí, wọ́n á ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún àṣà. Wọ́n á wọ aṣọ òkè, wọ́n á jẹ iyán, wọ́n á lu ìlù díẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Ọjọ́ náà máa ń dùn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà ti wà nínú kíláàsì láti ọjọ́ kìíní, yálà olùkọ́ rí i tàbí kò rí i.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ tó kéré jù. Akẹ́kọ̀ọ́ ti kà á nínú ìwé pé ẹnì kan là ń pè ní "o", èèyàn púpọ̀ là ń pè ní "ẹ". Ó wá dé ọjà Bódìjà, ó bá ìyá kan tó ń ta tòmátì, ìyá náà nìkan ló jókòó síbẹ̀, ló bá ní: "Ṣé o ti jẹun?" Gírámà rẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ti rí ìyá oníyàá fín. Bákan náà, tí bàbá rẹ̀ bá dé, "wọ́n ti dé" la máa ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá kan ṣoṣo ló ní. Tí olùkọ́ bá tọ́jú èyí di ìparí ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á ti fi oṣù mẹ́ta bú àwọn àgbà láìmọ̀.

Ìkíni náà ńkọ́? "Ẹ kú" kì í ṣe ohun tí èèyàn ń há sórí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó ṣe ayẹyẹ, ẹ kú ìnáwó. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ ṣaláìsí, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹnì kejì wà lórí ẹ̀ kó tó la ẹnu. Olùkọ́ tó wà ní Ìbàdàn lè gbé fóònù jáde, kó gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó máa yà sínú fídíò, kó wá rìn láti ẹnu géètì Yunifásítì Ìbàdàn wọ Agbowó, kó máa bi akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lórí Zoom pé: "Báwo lo ṣe máa kí ìyá yìí? Ẹni tó ń lẹ táyà yẹn ńkọ́?" Ìṣẹ́jú ogún irú ìrìn bẹ́ẹ̀ á kọ́ ọ ju ojú ìwé mẹ́wàá lọ.

Àwọn tó ń kọ́ni ní Sípáníìṣì náà ń bá ọ̀rọ̀ yìí yí. Èdè yẹn ní "tú" fún ẹgbẹ́ ẹni, ó sì ní "usted" fún ẹni tá a bọ̀wọ̀ fún. Ní Mẹ́síkò, ọ̀pọ̀ òbí ló ń kọ́ ọmọ pé tí àgbà bá pè é, kó dáhùn pé "¿Mande?", kó má sọ pé "¿Qué?", ìyẹn "Kí ni?" Ohun tí "mande" túmọ̀ sí ni "ẹ pàṣẹ". Àwọn ará Mẹ́síkò kan sọ pé ọ̀rọ̀ ìgbà ìmúnisìn ni, kí wọ́n jù ú nù. Àwọn mìíràn ní ọ̀wọ̀ ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ò ṣàjèjì sí wa: ọmọ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ pè tó dáhùn pé "Kí ni?" dípò "Mà" mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á kọ́ ọ̀rọ̀ náà, á sì sọ àríyànjiyàn tó wà nídìí ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà ní Mẹ́síkò. Ní November 1 àti 2 lọ́dọọdún, wọ́n máa ń ṣe Día de Muertos, ọjọ́ àwọn òkú. Wọ́n á tẹ́ tábìlì nínú ilé, wọ́n á gbé fọ́tò àwọn èèyàn wọn tó ti kú sí i, pẹ̀lú òdòdó, àbẹ́là àti oúnjẹ tí olóògbé fẹ́ràn. UNESCO fi í sínú àkójọ àṣà àgbáyé ní 2008. Àmọ́ ìwọ́de ńlá tó ń kún ìgboro Mexico City, tá a máa ń rí lórí fóònù? 2016 ló bẹ̀rẹ̀. Fíìmù James Bond kan tó ń jẹ́ Spectre, tó jáde ní 2015, ló ṣe irú ìwọ́de bẹ́ẹ̀ nínú eré, kí ìlú náà tó wá ṣe é lóòótọ́. Kò sóhun tó burú nínú àṣà tuntun. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá sọ pé ó ti wà láti ayébáyé, fíìmù ló fi ń kọ́ni.

Àwa náà ní fíìmù tiwa. Ẹ ti rí babaláwo inú fíìmù: aṣọ pupa, ojú líle, èéfín. Ifá tí UNESCO fi sínú àkójọ yẹn kan náà ní 2008 jẹ́ ìmọ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, odù 256, pẹ̀lú ẹsẹ rẹpẹtẹ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gbóná nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́ Kristẹni tàbí Mùsùlùmí, bẹ́ẹ̀ òrìṣà ló ń mú ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Brazil àti Amẹ́ríkà wá kọ́ Yorùbá. Kì í ṣe tòní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, E. L. Láṣebìkan kúrò ní Ìbàdàn lọ kọ́ni ní Yorùbá ní Salvador, ní CEAO, ibùdó tí Yunifásítì Bahia dá sílẹ̀ ní 1959. Àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé wà lára àwọn tó wá jókòó ní kíláàsì rẹ̀. Orin Yorùbá ti wà lẹ́nu wọn láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń kọ lórin.

Tí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bá bi yín nípa Ògún, tẹ́ ẹ sì ní "a ò sọ ìyẹn níbí", TikTok ló máa bi lẹ́yìn yín. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ń bọ Ògún kẹ́ ẹ tó lè ṣàlàyé ìdí tí aládùúgbò yín fi ń jẹ́ Ògúndélé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sóhun tó ní kẹ́ ẹ máa ṣe bí ẹni ń bọ ọ́ nítorí owó.

Ẹ wo Olóòlù, egúngún Ìbàdàn tí obìnrin kì í wò. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú ọjọ́ tó máa jáde, ó sì máa bi yín nídìí. Ẹ má fi ẹ̀rín bò ó. Ẹ sọ ohun tí àwọn tó ń ṣe é sọ, ẹ sọ pé kì í ṣe gbogbo ọmọ Ìbàdàn ló fara mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì sọ èrò tiyín gẹ́gẹ́ bí èrò tiyín.

Gbólóhùn mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ kó máa wà lẹ́nu olùkọ́: "Àwọn kan máa ń ṣe é." "Àwọn kan ti fi í sílẹ̀." "Èmi ń ṣe é", tàbí "Èmi ò ṣe é." Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á mọ̀ pé èèyàn alààyè ló ń sọ Yorùbá, àti pé ẹnu wa ò kò lórí ohun gbogbo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń kọ́ni, kí ni ìbéèrè tó le jù tí akẹ́kọ̀ọ́ ti bi yín nípa àṣà wa? Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, a máa gbé díẹ̀ nínú wọn sórí ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.