Kí a lè gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ: Iṣẹ́ tí àgbà ilé ní láti ṣe lórí aboyún

Bí ìròyìn bá ti tàn ní ilé kan ní Ìjerò, Àrámọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè pé ìyàwó ilé ti fẹ́ra kù, àdúrà tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn àgbà ni pé, "A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ." Àdúrà rere ni, gbogbo ilé ló sì máa ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà nínú àdúrà yìí, kì í sì í ṣe aboyún nìkan ni iṣẹ́ náà já lé léjìká. Ọ̀rọ̀ náà kan ọkọ, ìyá ọkọ àti bàbá ọkọ, nítorí pé lẹ́nu wọn ni àṣẹ máa ń wà lọ́jọ́ tí nǹkan bá yíwọ́.

Bí ó ṣe máa ń rí nìyí. Ìrọbí á mú obìnrin lóru ní abà kòkó tí ó jìnnà sí ìlú. Ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ọkọ rẹ̀ wà ní Èkó, fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Ìyá ọkọ á ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù díẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe òun nígbà tí òun bí àkọ́bí òun. Kí wọ́n tó rí ọlọ́kadà tí yóò gbé e gba ọ̀nà orí òkè, ilẹ̀ á ti mọ́. Kò sí ẹni tí ó ní ìkà nínú láàárín wọn. Ìpinnu ni wọn kò ṣe sílẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2023, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 75 obìnrin ni ó kú nítorí oyún tàbí ìbímọ ní Nàìjíríà. Iye yìí ju ìdá kan nínú mẹ́rin irú ikú bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àgbáyé lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dà lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń di gìrì, àrùn tí ń wọ inú ilé ọmọ àti ìrọbí tí ó pẹ́ jù wà lára ohun tí ń fa ikú náà. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ṣeé dènà bí aboyún bá tètè dé ibi tí ìtọ́jú wà.

Oògùn tí wọ́n dán wò ní Ìmẹ̀sí-Ilé

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà. Bí ènìyàn bá ti Òkè-Ìmẹ̀sí kọjá, ní agbègbè orí òkè tí àwọn Èkìtìparapọ̀ ti bá Ìbàdàn ja ogun Kírìjì, yóò dé Ìmẹ̀sí-Ilé. Ní ọdún 1956 ni dókítà àwọn ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ìmẹ̀sí-Ilé ni ó ti ń tọpa ìlera àwọn ọmọ láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí wọn títí di ọmọ ọdún márùn-ún.

Òun àti Margaret Woodland pẹ̀lú akẹgbẹ́ wọn mìíràn fún àwọn aboyún kan ní oògùn ibà tí ń jẹ́ pyrimethamine, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí kò lò ó. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1964 nínú ìwé àwọn oníṣègùn Ìlú Ọba. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn ọmọ sórí ìwọ̀n, ọmọ àwọn ìyá tí ó lo oògùn náà wúwo ju ti àwọn yòókù lọ.

Ìdí rẹ̀ ni pé kòkòrò ibà máa ń fara pamọ́ sínú ibi ọmọ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní olóbì. Ara ìyá lè má gbóná rárá, síbẹ̀ oúnjẹ kò ní í dé ọ̀dọ̀ ọmọ bí ó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ ìyá náà á sì máa dínkù. Pyrimethamine yìí kan náà jẹ́ ọ̀kan nínú èròjà méjì tí ó wà nínú Fansidar, oògùn tí wọ́n ń fún aboyún ní ilé ìwòsàn lónìí.

Tí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 13 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ó kéré tán, kí aboyún lò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó bímọ, kí oṣù kan sì wà láàárín ìlò kan sí èkejì. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì gbé e mì lójú nọ́ọ̀sì náà. Kì í ṣe oògùn tí ará ilé ń lọ rà fún un ní kẹ́mísì. Yàtọ̀ sí èyí, kí ó máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fi oògùn ẹ̀fọn sí lálaalẹ́. Bí nẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ó wà nínú ilé, aboyún àti àwọn ọmọdé ni ó ni ín.

Ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe ti oṣù keje

Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kì í lọ forúkọ sílẹ̀ títí ikùn yóò fi yọ síta. Wọ́n ń bẹ̀rù ayé, wọn kò fẹ́ kí ọ̀tá mọ̀. Ẹ̀rù náà yé àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ fi oyún pamọ́ fún ayé, kò yẹ kí a fi í pamọ́ fún agbẹ̀bí. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé kí aboyún rí oníṣègùn tàbí agbẹ̀bí ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, kí àkọ́kọ́ sì wáyé kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta.

Kì í ṣe àwàdà ni wọ́n ń pe aboyún wá ṣe. Wọ́n á wọn bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru, wọ́n á yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, nítorí pé àwọn méjèèjì ni ó máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí àìsàn tí ń di gìrì. Wọ́n á wo bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó. Wọ́n á ṣe àyẹ̀wò kòkòrò HIV, nítorí pé ìyá tí ó ní i tí ó sì tètè ń lo oògùn lè bí ọmọ tí kò ní i. Wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí ń mú kí àgbọ̀n ọmọ tuntun dì pọ̀ tí kò fi ní í lè mu ọyàn.

Wọ́n á tún fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Ìgbẹ́ rẹ̀ lè dúdú nítorí oògùn náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí ní kí ó jáwọ́. Kí ó má ṣe fi tíì gbé e mì, nítorí tíì kì í jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọsàn ni ó dára láti jẹ pẹ̀lú rẹ̀.

Oúnjẹ, èèwọ̀ àti àgbo

Iyán Èkìtì kò ní ẹ̀bi kankan, ṣùgbọ́n iyán nìkan kò tó. Ohun tí ó yí iyán ká ni kí a bojú tó: ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ, ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀gúsí. Kí ẹ̀wà máa wà nínú oúnjẹ rẹ̀ lọ́sẹ̀ pẹ̀lú. Bí oyún bá ti ń wúwo, kí ẹlòmíràn gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì bá a ru igi. Ọkọ tí ó gún iyán fún ìyàwó rẹ̀ kò di ọ̀lẹ.

Àwọn ìyá àgbà kan a máa ka ìgbín léèwọ̀ fún aboyún, pé ọmọ á máa da itọ́. Wọ́n á ní kí ó má jẹ ẹyin, kí ọmọ má bàa di olè. Ó dunni pé oúnjẹ tí ń fún ara lókun gan-an ni èèwọ̀ yìí ń gbà lẹ́nu ìyá. Ọmọ kì í da itọ́ nítorí ìgbín tí wọ́n sè jinná dáadáa. Ti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi sí etí aṣọ bí aboyún bá ń jáde lọ́sàn-án gangan, kò sí ẹni tí yóò bá ìyá àgbà jà lórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ etí aṣọ kò dí abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

Ti àgbo yàtọ̀. Ewé àti egbò mìíràn wà tí ó lè mú kí ilé ọmọ máa súnkì kí ọjọ́ tó pé, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìwọ̀n rẹ̀ nínú ìgò. Bí aboyún bá ti lo àgbo kan, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì láìfi pamọ́. Ọtí ni kí ó yàgò fún pátápátá, ìbáà ṣe ẹmu, ìbáà ṣe ògógóró.

Àmì tí kò gba sùúrù

Ẹsẹ̀ wíwú díẹ̀ wọ́pọ̀ lára aboyún. Bí ojú àti ọwọ́ bá wú, bí orí bá ń fọ́ ọ tí kò lọ, bí ojú rẹ̀ bá ń ṣú tàbí tí òkè ikùn ń dùn ún gidi, kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Gìrì tí ń tẹ̀lé àwọn àmì yìí kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ẹ̀jẹ̀ ríru oyún ni. Ìwádìí ńlá kan tí ń jẹ́ Magpie, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2002, fi hàn pé abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ń dín ewu gìrì náà kù sí ìdajì. Ilé ìwòsàn ni abẹ́rẹ́ náà wà.

Àwọn àmì mìíràn tún wà: kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lójú ara, kí ibà gbóná, kí omi dà kí ọjọ́ tó pé, kí ọmọ má mira mọ́ nínú, tàbí kí ìrọbí lé ní wákàtí 12 láìbímọ.

Lẹ́yìn ìbímọ náà, ojú kò mọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2023 láti Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tansaníà àti Gúúsù Áfíríkà, wọ́n tẹ́ ọ̀rá tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ sábẹ́ ìyá, wọ́n sì tètè fún un ní ìtọ́jú bí ẹ̀jẹ̀ bá ti pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dà kọjá ààlà, àti wàhálà ńlá tí ó ń bá a rìn, dínkù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ọwọ́ agbẹ̀bí tí ó kọ́ iṣẹ́ gbẹ̀bí wà níbẹ̀.

Ìpinnu tí a ṣe sílẹ̀

Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí ó pààlà pẹ̀lú Èkìtì bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ọdún 2009 ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ́rẹ̀. Wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera. Ní ọdún 2014, wọ́n fi ètò Agbẹ̀bíyè tẹ̀lé e: wọ́n ń fún àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ní ẹ̀bùn fún gbogbo aboyún tí wọ́n bá darí sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ohun tí ètò méjèèjì dojú kọ ni ìdádúró: ìdádúró nínú ìpinnu, lójú ọ̀nà, àti ní ilé ìwòsàn.

Ìdádúró àkọ́kọ́ kò dúró de ìjọba. Inú ilé ni ó wà, àwọn àgbà ilé ni ó sì lè mú un kúrò. Kí wọ́n pe ìpàdé kí oyún tó pé oṣù méje. Kí wọ́n fẹnu kò sí ilé ìwòsàn tí aboyún yóò bímọ sí àti èyí tí wọn yóò gbé e lọ bí ọ̀rọ̀ bá le. Fún àwọn ará Ìjerò, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì kò jìnnà. Kí wọ́n bá awakọ̀ tàbí ọlọ́kadà kan sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ògiri. Kí wọ́n máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì béèrè nípa ètò ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ Èkìtì. Kí wọ́n mọ ẹni méjì tí ó lè fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ọkọ àti bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo ilé pé, bí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí bá yọjú, ẹnikẹ́ni tí ó bá wà nílé lè gbé aboyún lọ láìdúró de àṣẹ. Bí ó bá jẹ́ ilé àgbẹ̀bí ìjọ ni ó ń lọ, kí ìyá ìjọ náà gbọ́ ọ pẹ̀lú. Wọ́n lè máa gbàdúrà lọ nínú ọkọ̀.

Nígbà náà ni kí àwọn àgbà tún gba àdúrà wọn: a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Àmín.