Àlejò Onírùngbọ̀n Láti Aginjù Ọsirélíà

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: nígbà tí àwọn àgbà fi alángbá ara ògiri wa pa òwe yìí, wọn kò mọ̀ pé yóò bá ìbátan rẹ̀ kan mu ní ìkọjá òkun, èyí tí àwọn ọmọ wa tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń gbà sílé lónìí láti fi ṣe ohun ọ̀sìn. Alángbá onírùngbọ̀n ni mo ń wí, ẹlẹ́gùn-ún-lọ́rùn tí kì í gún ọmọdé lọ́wọ́, a-yáàrùn-má-làágùn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pogona vitticeps. Ìdílé kan náà, Agamidae, ni wọ́n kó òun àti alángbá tiwa sí. Ẹni tí ó bá sì rí i bí ó ti ń mi orí lórí igi kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá wọ́n tan.

Àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ọsirélíà, níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n tí oòrùn sì ń ta bí iná, ni orírun rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé ni a ti bí àwọn tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà láti ìran dé ìran, nítorí ìjọba Ọsirélíà kò gbà kí a kó wọn jáde fún títà. Ara wọn kò gbàgbé aginjù. Ara alángbá kì í dá ooru sílẹ̀ bí tiwa. Ooru tí ó bá yá ni ó fi ń da oúnjẹ, èyí tí ó bá sì jẹ láìrí ooru yá lè jókòó sí i níkùn títí yóò fi rà. Nítorí náà, kí àlejò tó dé ni kí ilé rẹ̀ ti wà nílẹ̀: àpótí tí gígùn rẹ̀ tó 120 sẹ̀ǹtímítà, tí ìbú àti gíga rẹ̀ tó 60, nítorí àgbà rẹ̀ a máa gùn tó 45 sí 60 sẹ̀ǹtímítà láti imú dé ìrù; kí òkúta tí ń bẹ lábẹ́ gílóòbù ooru ní ẹ̀gbẹ́ kan gbóná tó nǹkan bí 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ẹ̀gbẹ́ kejì sì wà ní nǹkan bí 25, kí ó lè máa lọ síbi tí ara rẹ̀ bá fẹ́.

Àtùpà kejì wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú fò, tí èmi kò sì ní yé tẹnu mọ́: èyí tí ń tan ìtànṣán UVB. Òun ni ara alángbá fi ń ṣe fítámìn D3, fítámìn náà ni ó sì ń jẹ́ kí èròjà calcium inú oúnjẹ dé egungun. Bí kò bá sí, egungun á rọ̀, ẹsẹ̀ á wọ́, àgbọ̀n á sì dẹ̀ bí rọ́bà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé oòrùn ojú fèrèsé ti tó, nítorí gíláàsì a máa dí ìtànṣán náà. Àtùpà náà fúnra rẹ̀ a sì máa mọ́lẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí UVB rẹ̀ ti rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń pààrọ̀ rẹ̀ láàrin oṣù 6 sí 12, bí irú rẹ̀ bá ti rí.

Lẹ́yìn èyí ni ó wá ku ohun tí ó ṣòro jù fún ọmọdé, èyíinì ni kí a fi àlejò lọ́rùn sílẹ̀. Ojú kẹta wà ní àtàrí alángbá yìí, àmì kékeré tí kò lè rí àwòrán ṣùgbọ́n tí ó mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òjìji. Ọwọ́ tí ó bá ti òkè bọ̀, àṣá ni lójú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni kí a ti máa nawọ́ sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ èyí: ọjọ́ tí tirẹ̀ dé gan-an ni ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, nígbà tí ilẹ̀ yóò sì fi ṣú, irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú bí èédú, ó ń ha gíláàsì láìsinmi, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kò sì fi jẹun. Ìyá ọmọ náà fi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta àpótí náà, kí alángbá má baà máa rí àwòrán ara rẹ̀ kí ó pè é ní ọ̀tá, ó sì kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ karùn-ún ni ó gbé ìrẹ̀ kan mì. Ìrẹ̀ tí a bá fún un kò gbọdọ̀ tóbi ju àlàfo àárín ojú rẹ̀ méjèèjì lọ; èwe rẹ̀ a máa jẹ kòkòrò ju ewé lọ, àgbà a sì máa jẹ ewé ju kòkòrò lọ. Píà kò yẹ ẹ́, tanná-tanná tí ń mọ́lẹ̀ lóru sì lè pa á, ẹyọ kan ṣoṣo. Inú tí òwe wa ní a kò mọ̀ yẹn, ìgbẹ́ ni ó ń tú àṣírí rẹ̀: kí a gbé e lọ fún dókítà ẹran kí ó yẹ aràn wò, kí a sì máa fi ọṣẹ fọwọ́ nígbàkúùgbà tí a bá dì í mú, nítorí kòkòrò àrùn Salmonella.

Ọjọ́ kẹsàn-án pé. Ọmọ náà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ nínú àpótí, kò mira, kò fọhùn. Alángbá sọ̀kalẹ̀ láti orí òkúta, ó fi ahọ́n tọ́ ìka rẹ̀ wò, ó gun ọwọ́ náà, ó sì dakùn délẹ̀ síbẹ̀.