Ìran Lincoln: Bí A Ṣe Tọ Ipasẹ̀ Ìdílé Aṣíkiri Kan ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ará, ìwádìí ìran ìdílé tí ó jókòó sí ojú kan kò nira púpọ̀. Ìwé ìrìbọmi wà lọ́wọ́ ìjọ, òkúta wà lórí ibojì, àwọn àgbà sì wà nílé tí wọn yóò sọ ti baba ńlá wọn. Ṣùgbọ́n bí ìdílé kan bá ń ṣí láti igbó dé igbó, tí ìran kọ̀ọ̀kan ń fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ibi tí kò tíì sí ìjọ tàbí kóòtù, báwo ni a ó ṣe mọ ẹni tí ó bí ẹnì kejì? Láti dáhùn ìbéèrè yìí ni mo ṣe mú ìdílé Abraham Lincoln, Ààrẹ kẹrìndínlógún ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí a bí ní Kentucky ní ọjọ́ 12 oṣù Fẹ́búárì, 1809. Òun fúnra rẹ̀ wá àwọn baba ńlá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó wọn tán. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ rere ìyá rẹ̀ wà nínú ọ̀ràn náà.

Ní 1848, Solomon Lincoln, ará ìlú Hingham ní Massachusetts, tí ó ti kọ ìtàn ìlú náà, bi í léèrè nípa ìran rẹ̀. Ìwọ̀nba tí ó mọ̀ ni ó fi dáhùn. Ní 1859 ó tún kọ ìtàn kúkúrú nípa ara rẹ̀. Ó sọ níbẹ̀ pé baba baba òun ṣí láti Rockingham ní Virginia wá sí Kentucky ní nǹkan bí 1781 tàbí 1782, pé láti Berks ní Pennsylvania ni wọ́n ti wá sí Virginia, àti pé Quaker ni wọ́n. Ó fi kún un pé àwọn kan ti gbìyànjú láti so ìdílé òun mọ́ àwọn Lincoln ti ìhà àríwá, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n rí ju pé àwọn orúkọ jọra: Enoch, Levi, Mordecai, Solomon, Abraham. Mo yìn ín pé ó dúró níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ìgbà náà, inú Bíbélì ni wọ́n ti ń ṣa orúkọ fún ọmọ wọn. Ìjọra orúkọ lè tọ́ka ọ̀nà síni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí.

Èéṣe tí ọlọ́gbọ́n ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò fi mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Baba baba rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Abraham, tí a sì ń pè ní Kápútéènì, ń ṣiṣẹ́ lóko ní 1786 pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mẹ́ta nígbà tí àwọn India pupa yìnbọn pa á láti inú igbó. Josiah sáré lọ pe ìrànlọ́wọ́; Mordecai, àkọ́bí, wọ ilé, ó gbé ìbọn, ó sì pa ẹni tí ó fẹ́ gbé Thomas àbúrò wọn. Thomas yìí ni baba Ààrẹ, ọmọ ọdún mẹ́jọ sì ni nígbà náà. Virginia ni ó ń ṣe àkóso Kentucky nígbà náà, òfin tí ó fi ilẹ̀ baba fún àkọ́bí nìkan kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Òfin tuntun tí ó pa á rẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di oṣù Jánúárì, 1787. Nítorí náà Mordecai ni ó jogún ilẹ̀, Thomas sì di alágbàṣe tí ń rìn kiri láìkàwé. Ẹni tí ó di aláìníbaba ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, kí ni yóò sọ fún ọmọ rẹ̀ nípa Pennsylvania?

Bí ẹnu bá dákẹ́ báyìí, ìwé ilẹ̀ a máa sọ̀rọ̀. Àwọn aṣíkiri wọ̀nyí lè gbàgbé láti kọ ọjọ́ ìbí ọmọ wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ọ̀ràn ilẹ̀ ṣeré. Ẹni tí ó bá gba ilẹ̀ yóò pe ẹni tí ń wọn ilẹ̀. Ẹni tí ó bá tà á yóò sọ bí ó ṣe di tirẹ̀. Aya olùtà pẹ̀lú yóò jẹ́wọ́ níwájú adájọ́ pé òun fọwọ́ sí i, nítorí pé òfin fún un ní ẹ̀tọ́ nínú ilẹ̀ ọkọ rẹ̀. (Àwọn Shawnee àti Cherokee tí ń dẹ igbó Kentucky kí ẹnikẹ́ni tó wá wọ̀n ọ́n, a kò bi wọ́n léèrè, bí ẹni pé ilẹ̀ náà kò ní olúwa rí.) Ìwé wọ̀nyí wà ní kóòtù káńtì, èyíinì ni ẹkùn kékeré tí a pín ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà, nítorí pé a máa ń gé káńtì tuntun jáde lára àtijọ́. Inú káńtì Nelson ni a ti gé Washington jáde ní 1792, àti Hardin ní ọdún kejì. Ènìyàn lè jókòó sínú ilé kan ṣoṣo kí ìwé rẹ̀ sì wà ní ìlú méjì.

Ó tún kù nípa bí a ṣe ń kọ orúkọ. Ilẹ̀ éékà 400 tí Kápútéènì Abraham gbà ní Long Run ní Kentucky, "Linkhorn" ni akọ̀wé kọ síbẹ̀, bí etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ń wá "Lincoln" nìkan yóò ré e kọjá.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti orí ohun tí a mọ̀. Ní Rockingham, ìwé títà ilẹ̀ éékà 250 wà tí Kápútéènì Abraham ṣe ní 1780. Nínú ìjẹ́wọ́ aya rẹ̀ ní 1781 ni a ti rí orúkọ obìnrin náà, Bersheba. Ìwé mìíràn ti 1773 fi hàn pé John Lincoln ni ó fún Abraham ọmọ rẹ̀ ní ilẹ̀ lẹ́bàá odò Linville. A ti dé ọ̀dọ̀ John nìyẹn, ẹni tí ó ti Pennsylvania wá sí Virginia ní 1768.

Ta ni ó bí John? Ibí yìí ni okùn já lọ́wọ́ àwọn olùwádìí àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni ó sì dùn mọ́ mi jù lọ. Mordecai Lincoln kan kú ní Pennsylvania ní 1736, nínú agbègbè tí ó di Berks lẹ́yìn náà. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀ ó fi éékà 300 sílẹ̀ ní New Jersey fún ọmọ rẹ̀ John. Èyí nìkan kò tó, nítorí pé John pọ̀. Ṣùgbọ́n ní 1748, John Lincoln kan, ahunṣọ ní Pennsylvania, ta éékà 300 ní New Jersey, a sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ilẹ̀ tí Mordecai baba rẹ̀ hágún fún un ni. Baba, ọmọ, ilẹ̀ àti iye rẹ̀ bá ara wọn mu nínú ìwé méjì tí ìpínlẹ̀ méjì pa mọ́. Ẹ̀rí nìyẹn.

Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà tẹ́jú. Baba Mordecai yìí ń jẹ́ Mordecai pẹ̀lú, alágbẹ̀dẹ ni ní Massachusetts, ó sì kú ní 1727. Ìwé ìhágún rẹ̀ dárúkọ ọmọ tí ó ti lọ sí ọ̀nà jíjìn náà. Baba tirẹ̀ ni Samuel, tí a rì bọmi ní Hingham ti Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1622, tí ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní 1637 gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọ̀dọ̀ ahunṣọ kan. Nítorí náà ìbátan ni Ààrẹ àti Solomon Lincoln tí ó kọ̀wé sí i, àwọn méjèèjì kò sì rí i fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ó ku ti ìyá. Àwọn ọ̀tá Lincoln ń sọ ọ́ káàkiri pé baba àti ìyá rẹ̀ kò gbéyàwó rí, pé ọmọ àlè ni. A wá ìwé ìgbéyàwó wọn ní káńtì Hardin, nítorí pé níbẹ̀ ni Thomas ń gbé. A kò rí i. Lincoln kú ní 1865 láìfojú kàn án. Ní 1872 ìwé ìtàn ayé rẹ̀ kan jáde tí ó fi iyèméjì sọ̀rọ̀ lórí ìgbéyàwó náà, gbogbo ayé sì kà á. Ní 1878 ni ìwé náà tó jáde láti inú àwọn ìwé àtijọ́ ní kóòtù Springfield, ní káńtì Washington. Ìwé ìdúró, tí Thomas Lincoln àti Richard Berry alágbàtọ́ ìyàwó fọwọ́ sí, jẹ́ ti ọjọ́ 10 oṣù Júùnù, 1806. Jesse Head, òjíṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì, sì jẹ́rìí pé òun so Thomas Lincoln àti Nancy Hanks pọ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù náà. Sarah àkọ́bí wọn kò dé ayé títí di 1807. Ilé àwọn ẹbí ìyàwó ni a ti ṣe ìgbéyàwó! Ó yà mí lẹ́nu pé ilé ọkọ ni àwọn ọ̀mọ̀ràn wọ̀nyẹn ń tú fún ọdún púpọ̀. Ìyálé èyíkéyìí láàrin wa ìbá ti rán wọn sí ilé ìyàwó lákọ̀ọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n Nancy fúnra rẹ̀, ọmọ ta ni? Níbí ni ìwé ilẹ̀ ti dákẹ́, nítorí pé obìnrin tí kò ní ilẹ̀ kì í sábà wọ inú ìwé kóòtù. Àwọn kan ní ọmọ Lucy Hanks ni. Àwọn mìíràn fi í fún ìyá mìíràn, kí a má bàa sọ pé Lucy bí i láìlọ́kọ. Ní 2015 ni a parí àríyànjiyàn náà, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ìwé. Àmì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó jẹ́ pé ìyá nìkan ni í fi í fún ọmọ. Ọmọkùnrin a gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó parí sí. Sarah, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Nancy bí tí ó dàgbà, kú lórí ìkúnlẹ̀ ní 1828 láìfi ọmọ sílẹ̀. Nítorí náà àwọn olùwádìí wá àwọn tí ó wà láàyè tí wọ́n ti ara ìyá sí ìyá sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ìdílé Hanks mìíràn, wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Àmì tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi ni wọ́n bá lára wọn, ọ̀kan náà sì ni. Ọmọ Lucy ni Nancy, ọmọ Ann Lee Hanks sì ni Lucy. Ní ti baba Nancy, àmì tí ń ti ọ̀dọ̀ ìyá wá kò lè dárúkọ ọkùnrin kankan.