Omi Òkè Ìdàáṣà àti Eyín Ọmọdé
Omi kànga ẹ̀rọ abẹ́ òkè Ìdàáṣà mọ́ gaara. Síbẹ̀, eyín àwọn ọmọ kan níbẹ̀ ní àbàwọ́n bí ti ẹni tí ó jẹ obì. Àwọn ènìyàn a ní ọmọ náà kì í rún pákò. Ẹ̀sùn èké ni.

Láti inú àpáta ni èròjà tí à ń pè ní fúlúọ́rù ti ń yọ́ sínú omi. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń fún eyín lágbára. Ṣùgbọ́n bí ó bá ju òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ, èyíinì mílígíráámù 1.5 nínú lítà kan, kì í jẹ́ kí kálísíọ́mù àti fọ́sífétì, tí eyín fi ń le, dì dáadáa nígbà tí eyín ọmọdé ṣì wà lábẹ́ èrìgì.

Síse omi kò mú un kúrò. Èédú egungun ẹran ni ó ń fà á mọ́ra, nítorí kálísíọ́mù àti fọ́sífétì kan náà ni ó wà nínú egungun.