Sípíríǹgì tàbí Ṣọ́ọ̀kì: Èwo Ló Yẹ Ká Kọ́kọ́ Náwó Lé Lórí?

Hilux tó bá ti ń ná ọ̀nà oko fún ọdún mélòó kan, kò ní pẹ́ tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í na àwọn tó wà nínú rẹ̀. Bó bá bọ́ sí kòtò, ìdí rẹ̀ á gbá gbì. Bó bá jáde níbẹ̀, á tún fò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fara balẹ̀. Nígbà tí ọlọ́kọ̀ bá gbé e dé ìsọ̀ mẹkáníìkì, ìmọ̀ràn méjì ló máa ń gbà. Ẹnìkan á ní kó fi ewé irin kan kún sípíríǹgì ẹ̀yìn. Ẹlòmíì á ní ṣọ́ọ̀kì ló ti kú, kó lọ ra tuntun. Bó bá jẹ́ pé owó ẹyọ kan ló wà lápò, ewé ló sábà máa ń gba owó náà, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà: bí wọ́n bá fi ewé kún un tán, ìdí ọkọ̀ á gbé sókè, tẹrú tọmọ á rí i. Ṣọ́ọ̀kì tuntun kò ní ohun tí ojú lè rí. Ẹ̀yìn àti ìbàdí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ló ń mọ̀ ọ́n.

Èmi ò fara mọ́ ọn pé ewé ló yẹ kó kọ́kọ́ gba owó. Ṣùgbọ́n kò yẹ ká dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì.

Láti ìgbà tí Toyota ti gbé ìran keje Hilux jáde ní 2004, sípíríǹgì kíká tí wọ́n ń pè ní kọ́ìlì ló wà níwájú èyí tó jẹ́ 4x4, ewé irin tí wọ́n tò léra ló sì wà lẹ́yìn. Ìran tó dé ní 2015 kò yí ètò yìí padà. Ẹ̀yìn ni ẹrù ń wà, ewé irin sì mọ ẹrù gbé. Yàtọ̀ sí ẹrù, òun náà ló ń di irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ mú sí àyè rẹ̀, kó má baà yẹ̀. Kọ́ìlì kò lè dá iṣẹ́ kejì yẹn ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ Prado, ẹ ó rí oríṣiríṣi ọ̀pá tí wọ́n fi ran kọ́ìlì ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́.

Kí á wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ Hilux náà. Ewé tó wà lókè pátápátá ló gùn jù. Wọ́n ká ẹnu rẹ̀ méjèèjì po di ihò tí bọ́ọ̀ṣì àti bóòtì ń gbà kọjá. Èyí tó tẹ̀ lé e kúrú díẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn tún kúrú sí i, títí a ó fi dé ti ìsàlẹ̀, tó nípọn, tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ewé ìsàlẹ̀ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo. Ó ń dúró de ìgbà tí ẹrù bá tẹ àwọn tòkè wálẹ̀ débi tí wọ́n á fi gúnlẹ̀ lé e lórí. Níbi tí ewé méjì bá ti ń ha ara wọn, irin á dán láàárín ìpẹtà. Ẹ wo ibi dídán yẹn dáadáa. Bó bá ti dán dé orí ewé ìsàlẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ náà ń ru ẹrù tó wúwo lemọ́lemọ́, ohun yòówù tí ọlọ́kọ̀ ì báà sọ.

Ọ̀rọ̀ ẹrù náà ní ìṣirò tirẹ̀. Àwọn tó ń ra kòkó mọ̀ ọ́n lórí: àpò kòkó kan jẹ́ kìlógíráàmù 62.5, àpò 16 sì ni tọ́ọ̀nù kan. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan yìí náà ni wọ́n ṣe Hilux fún, àti dírẹ́bà àti èrò ló sì wà nínú iye yẹn. Bí àgbàlagbà mẹ́rin bá jókòó sínú ọkọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kìlógíráàmù 70, ó ti lé ní àpò kòkó mẹ́rin tó lọ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé àpò kan sẹ́yìn. Ta ló ń ṣe ìṣirò yìí ní Ìdànrè tàbí ní Òkè Ògùn nígbà tí ẹrù bá wà nílẹ̀, tí ilẹ̀ sì ń ṣú lọ?

Ibi tí fífi ewé kún un ti gba ìyìn nìyí. Kì í náni lówó rẹpẹtẹ, wọ́n sì lè ṣe é láàárọ̀ kí ọkọ̀ ti wà lójú ọ̀nà lálẹ́. Bí ewé tuntun bá bá àwọn tó wà níbẹ̀ mu, tó jẹ́ ti irú ọkọ̀ náà, irin gbọọrọ ẹ̀yìn kò ní máa gbá rọ́bà tó wà lábẹ́ ṣáásí mọ́ nígbà tí ẹrù bá kún. Fún ẹni tó ń kó yanrìn tàbí búlọ́ọ̀kù lójoojúmọ́, mi ò lè bá a jiyàn.

Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ewé tó bá ọkọ̀ náà mu kọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi kún un. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta irin àlòkù ni mẹkáníìkì ti ń ṣà á, láti ara ọkọ̀ akẹ́rù tó ti kú, wọ́n á gé e kó tó ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́, wọ́n á sì lu ihò sí i láàárín. Kì í ṣe pé irin náà burú. Ọ̀pọ̀ àdá àti ọkọ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ, ara sípíríǹgì ọkọ̀ ni irin rẹ̀ ti wá, ó sì mú ju ti ilé ìtajà lọ. Bó ṣe nípọn tó ni kò bá Hilux mu. Bí ewé méjì bá gùn dọ́gba tí wọ́n sì fẹ̀ dọ́gba, ṣùgbọ́n tí ọ̀kan nípọn ju èkejì lọ ní ìlọ́po méjì, èyí tó nípọn á le ju èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ. Kódà ewé tó nípọn ní mílímítà 10 fẹ́rẹ̀ẹ́ le ní ìlọ́po méjì ju ti mílímítà 8. Mílímítà méjì péré! Ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n ìbàdí yín á rí i. Nígbà tí ẹrù bá wà, ọkọ̀ á rìn bí ọba. Bí ẹrù bá ti kúrò báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa fò kúrò lójú ọ̀nà, pàápàá ní kọ́nà tí òjò ti rin. Bí wọ́n bá sì fi iná sí ewé náà kó lè tẹ̀, agbára tí ilé-iṣẹ́ fi sínú irin náà ti bá iná lọ. Á tún tẹ́ láìpẹ́.

Ṣọ́ọ̀kì ní tirẹ̀ kì í gbé ẹrù. Bí a bá tú ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lábẹ́ Hilux tó dúró sójú kan, gíga rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní yí padà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa agbára tí sípíríǹgì bá fẹ́ dá padà. Sípíríǹgì tí kòtò tẹ̀ á fẹ́ na padà, á sì nà kọjá ibi tó yẹ, á tún padà wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa bá a lọ bí kò bá sí ohun tó dá a dúró. Nínú ṣọ́ọ̀kì, ọ́ìlì ń gba inú ihò tín-ínrín lára písítìnì kọjá. Ẹ rántí abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì: bí ẹ bá rọra tì í, oògùn á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹ bá fipá tì í lẹ́ẹ̀kan náà, á le mọ́ yín lọ́wọ́. Agbára tí ọ́ìlì náà bá gbà á di ooru. Nítorí náà ni ṣọ́ọ̀kì ṣe máa ń gbóná tí ọkọ̀ bá ti ọ̀nà eléruku dé, àyẹ̀wò tó dára jù lọ tí mo mọ̀ sì ti ibẹ̀ wá. Bí ẹ bá ti ọ̀nà jágajàga dé, ẹ rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tó bá tutù nígbà tí àwọn yòókù ń jó ni lọ́wọ́, kò ṣiṣẹ́ rárá.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà ń gbà ṣe ṣọ́ọ̀kì. Èyí tó wọ́pọ̀ ní páìpù méjì, ọ̀kan nínú èkejì. Èkejì ní páìpù kan ṣoṣo, gáàsì náítírójìn wà ní òpin rẹ̀, ìdérí kan tó ń lọ tó ń bọ̀ sì là á láàárín gáàsì àti ọ́ìlì kí wọ́n má baà pò pọ̀. Ará Faransé kan, Christian Bourcier de Carbon, ni orísun ọgbọ́n yìí. Bilstein ti Jámánì ló sọ ọ́ di ọjà, ó sì ti wà lábẹ́ Mercedes-Benz ní 1957. Ọ́ìlì onípáìpù kan kì í tètè gba afẹ́fẹ́ sára kó máa hó, ooru sì ń tètè jáde lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń sáré lórí ọ̀nà tí kò dára, bí àwọn ọlọ́pàá tó ń gbé Hilux, irú rẹ̀ ló yẹ fún un. Ṣùgbọ́n bí òkúta bá gbá páìpù kan ṣoṣo yẹn tó sì tẹ̀ wọnú, písítìnì á há. Lára onípáìpù méjì, páìpù ìta ni òkúta á tẹ̀, ti inú á ṣì máa bá iṣẹ́ lọ. ARB ti Australia, tó ń ta Old Man Emu fún àwọn tó ń wọ aginjù tí kò sí mẹkáníìkì nítòsí, onípáìpù méjì ló fi ń ṣe èyí tó wọ́pọ̀ lára ọjà rẹ̀. Fún ọ̀nà oko tó kún fún òkúta, tí a kì í sì í sáré lórí rẹ̀, èmi náà á mú onípáìpù méjì.

Bí a bá gbé ewé àti ṣọ́ọ̀kì sórí ìwọ̀n, wọn kò dọ́gba, ohun tó sì jẹ́ kí n dá ṣọ́ọ̀kì láre nìyẹn. Ẹni tó bá ra ṣọ́ọ̀kì tuntun tó dára lè fi sípíríǹgì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, bí kò bá ṣẹ́ tí kò sì tẹ́. Ẹni tó bá fi ewé kún sípíríǹgì kò lè fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Sípíríǹgì tó le sí i á máa fi agbára tó pọ̀ sí i na padà, ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún èyí tó rọ̀ kò sì lè dá a dúró. Bí ìdí ọkọ̀ bá tún ga jù, ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan; ìgbà tí táyà bá wọ kòtò, á máa fa ṣọ́ọ̀kì náà títí ṣọ́ọ̀kì á fi já. Ewé tó dà bíi pé kò wọ́n á wá kó gbèsè ṣọ́ọ̀kì lé yín lórí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ bíréèkì, tí àwọn tó ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè kì í sábà bi mẹkáníìkì. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ Hilux, pàápàá àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀, fáàfù kan wà tí ọ̀pá tín-ínrín so mọ́ irin gbọọrọ ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá tẹ ọkọ̀ wálẹ̀, ọ̀pá yìí á sún fáàfù, bíréèkì ẹ̀yìn á sì gba agbára sí i. Bí ọkọ̀ bá ṣófo tí ìdí rẹ̀ ga, á dín agbára náà kù kí táyà ẹ̀yìn má baà há kí ọkọ̀ sì yọ̀. Fáàfù kò mọ̀ pé ewé irin la fi kún un. Gíga ló ń wò, gíga lójú rẹ̀ sì ni pé ọkọ̀ ṣófo. Ẹ wá di ẹrù kún un, kí ẹ máa bọ̀ wálẹ̀ láti orí òkè: èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì á já lé táyà iwájú. Wọ́n lè tún ọ̀pá náà tò kó bá gíga tuntun mu, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa ní kí wọ́n ṣe é.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èwo ló ń ṣe ọkọ̀ yín, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú láìsí ẹrù. Ẹ fi téèpù wọn ọ̀nà tó wà láti àárín táyà ẹ̀yìn dé etí irin tó bò ó lókè, lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ìhà kan bá wálẹ̀ ju èkejì lọ, tàbí tí ewé ti tẹ́ láìru nǹkan kan, sípíríǹgì ló ti rẹ̀. Bí méjèèjì bá dọ́gba tí ewé ṣì tẹ̀ kọrọdọ, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ń fò, tí táyà sì ń jẹ níbì kan níbì kan, ṣọ́ọ̀kì ni.

Ẹni tí owó rẹ̀ bá mọ ní tòkúńbọ̀, yálà ní Ládípọ̀ ní Èkó tàbí ní Àràròmí ní Gate, Ìbàdàn, kó tẹ ṣọ́ọ̀kì náà wọlé kó tó sanwó. Bó bá jẹ́ onígáàsì, ó gbọ́dọ̀ na padà fúnra rẹ̀. Kó wo ẹnu ibi tí ọ̀pá ti ń wọlé. Bí ọ́ìlì bá ti rin ibẹ̀, kó gbé e kalẹ̀, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti nù ún mọ́ fínnífínní. Kó sì má rà á ní ẹyọ kan: méjì-méjì ni, tọ̀tún tòsì.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Ẹni tó ń ru ẹrù wíwúwo lójoojúmọ́, kó pààrọ̀ sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì pọ̀, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe láti bá ara wọn ṣiṣẹ́. Bí owó kò bá tíì tó, kó dín ẹrù kù títí á fi tó. Ẹni tó jẹ́ pé ìgbà ìkórè nìkan ni ẹrù rẹ̀ ń pọ̀, ṣọ́ọ̀kì ni kó rà, kó fi ewé sílẹ̀, kó pín ẹrù sí ìrìn méjì. Bí ẹ bá sì fọwọ́ kan sípíríǹgì, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n da yú-bóòtì àtijọ́, èyí tó di ewé mọ́ irin gbọọrọ ẹ̀yìn, padà sí i. Tuntun ni kí ẹ rà, kí ẹ sì padà lọ fún un mú lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 500.