Oorun àti Àwọn Ìpele Rẹ̀: Ọ̀ràn Orúkọ

Nínú èdè Yorùbá, oorun a máa kun ènìyàn, a sì máa gbé e lọ. Ẹni tí ó sùn kò ṣe ohunkóhun. Oorun ni ó ṣe é. Irú èrò báyìí ni ó ń mú kí ó rọrùn láti kọ ọ́ sínú ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ pé oorun ni àkókò tí ara àti ọpọlọ fi ń sinmi. Apá kan òtítọ́ ni èyí. Ọpọlọ kì í ṣíwọ́ iṣẹ́ lójú oorun. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ ni ó ń yí padà. Ẹni tí yóò bá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ àwọn ìyípadà náà, kí orúkọ tí ó bá yàn má baà ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Ní ọdún 1929, Hans Berger, oníṣègùn ará Jámánì, tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde lórí àkọsílẹ̀ agbára mànàmáná tí ó ń ti inú ọpọlọ ènìyàn jáde. Àkọsílẹ̀ náà rí bí ìgbì omi, nítorí náà “ìgbì ọpọlọ” ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́. Ìgbì ẹni tí ojú rẹ̀ là kéré, ó sì yára. Bí oorun bá ti ń wọ̀ ọ́ lára ni ìgbì náà ń tóbi sí i, tí ó sì ń falẹ̀.

Ìpele mẹ́ta ni ó wà lójú ọ̀nà yìí. Èkíní ni òògbé, tí kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá jí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, ó lè jiyàn pé òun kò sùn rárá. Èkejì ni oorun fífúyẹ́. Nínú rẹ̀, ọkàn ń lù lọ́ra, ooru ara sì ń dínkù. Ó ń gba nǹkan bí ìdajì oorun àgbàlagbà. Ẹ̀kẹta ni oorun ìjìkà, níbi tí ìgbì ọpọlọ ti tóbi jù lọ, tí ó sì ṣòro láti jí ènìyàn. Àkókò yìí ni họ́mónù ìdàgbàsókè ń tú jáde jù lọ. Láti inú ìjìkà yìí kan náà ni ọmọdé tí ó ń rìn lójú oorun ti sábà máa ń dìde. Nítorí náà kò tọ̀nà láti sọ pé àlá ni ó ń gbé e rìn.

Ní ọdún 1953, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ti Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà kéde ìpele mìíràn. Wọ́n ṣàkíyèsí pé, ní àwọn àkókò kan, ẹyinjú ẹni tí ó sùn a máa yí kíákíá lábẹ́ ìpéǹpéjú. Bí wọ́n bá jí i nígbà náà, ó sábà máa ń ní àlá láti rọ́. Ìgbì ọpọlọ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ti ẹni tí kò sùn. Ní ọdún 1959, Michel Jouvet ní ìlú Lyon, ilẹ̀ Faransé, fi hàn nípa ìwádìí lára ológbò pé àwọn iṣan ara a máa rọ pátápátá ní ìpele yìí. Láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni àṣẹ tí ó dè wọ́n ti ń wá. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹni tí ó ń sáré lójú àlá dìde sáré lórí ẹní. Àwọn ìpele wọ̀nyí a máa yípo ní nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀mẹfà lóru kan. Ìjìkà pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òru; ìpele yìí ni ó ń gùn sí i bí ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀.

Kí ni kí wọ́n pè é? “Oorun alálàá” dùn létí, ṣùgbọ́n ènìyàn a máa lá àlá nínú àwọn ìpele yòókù pẹ̀lú. “Oorun ayíjú” kúrú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó yíjú sí nǹkan ń wò ó ni, ẹni tí ó sùn kò sì wo ohunkóhun. “Oorun ẹyinjú-yíyí” ni ó sọ ohun tí ó ṣeé fojú rí, láìfi ohun tí kò dájú kún un.

Yíyan orúkọ le jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀ràn ìdè náà. Nígbà mìíràn ojú a là, ọkàn a jí, ṣùgbọ́n àwọn iṣan kò tíì gba ìtúsílẹ̀. Olúwarẹ̀ kò lè mira, kò lè ké, ó sì lè rí ẹ̀dá kan tí ó jókòó lé e láyà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ìdè náà yóò tú fúnra rẹ̀. Bí olùtúmọ̀ bá pe èyí ní “ogun òru”, ó ti fi ọ̀tá sínú orúkọ náà kí àlàyé tó bẹ̀rẹ̀. Bákan náà, ogun òru gbòòrò ju ohun kan ṣoṣo yìí lọ. Wárápá a máa kọlu àwọn mìíràn lójú oorun. Bí orúkọ kan náà bá bo méjèèjì, ẹni tí ó nílò ìtọ́jú dókítà lè máa wá ọ̀tá kiri. “Ìdè oorun” sàn jù: ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Olùkọ́ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti fi ẹ̀rí oorun ẹyinjú-yíyí han akẹ́kọ̀ọ́. Nǹkan bí ìdajì oorun ọmọ tuntun ni ó ń lọ sí ìpele yìí. Kí wọ́n wo ìpéǹpéjú ọmọ tí ó sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi rí i pé ẹyinjú ń yí lábẹ́ rẹ̀.