Bí Ibà Lassa Ṣe Ń Wọ Inú Ara

Ẹ̀yin ará wa ní Kàbbà àti gbogbo ilẹ̀ Okun, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ibà Lassa máa ń pọ̀ jù. Ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní ọdún 1969. Wọ́n sì ti rí i ní ìpínlẹ̀ Kogi wa pẹ̀lú.

Inú ẹ̀kúté ni kòkòrò àìfojúrí yìí ń gbé. Bí ẹ̀kúté bá tọ̀ sórí èlùbọ́ tí a sá, àrùn lè ti ibẹ̀ wọlé. Kòkòrò náà a wọ inú sẹ́ẹ̀lì ara, a sì máa bí sí i níbẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí í ṣe ẹ̀ṣọ́ ara ni ó ń tètè mú, nítorí náà ara kì í tètè fura.

Láàárín ọjọ́ 6 sí 21, àìsàn náà yóò hàn bí ibà ẹ̀fọn. Nínú ènìyàn 10, bí 8 kì í ṣàìsàn tó le. Ní ti àwọn ìyókù, iṣan ẹ̀jẹ̀ lè máa jò, etí sì lè di.

Bí oògùn ibà kò bá ran ibà, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ máa bo oúnjẹ, kí ẹ má sì fi ọwọ́ lásán wẹ òkú ẹni tí irú ibà bẹ́ẹ̀ pa.